Ẹ̀rọ Tó Ń Mú Òpùrọ́: Kí Ló Ń Wọ̀n Gan-an, Ta Ló sì Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀?

Kò sí ìgbà tí owó ìjọba máa sọnù tí ẹ kò ní rí ẹni tó máa kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé, "Ẹ gbé gbogbo wọn sórí ẹ̀rọ tó ń mú òpùrọ́, ká lè mọ olè." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan bi mí bóyá òótọ́ ni pé iná pupa máa ń tàn lára ẹ̀rọ náà bí èèyàn bá purọ́. Inú fíìmù ló ti rí i. Mo ní kò sí iná kankan níbẹ̀. Ó ní, "Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀, ẹ̀gbọ́n?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn. Ó máa gba pé kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe pilẹ̀ ẹ̀rọ yìí kò lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

## Kí ló ń jẹ́ polygraph?

Polygraph ni orúkọ tí àwọn tó ń lò ó ń pè é. Látinú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un: "poly" ni púpọ̀, "graph" ni kíkọ. Ẹ̀rọ tó ń kọ nǹkan púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Kí ló wá ń kọ? Ìfúnpá, ìyẹn bípí tí nọ́ọ̀sì máa ń wọ̀n. Bí ọkàn ṣe ń lù. Bí èèyàn ṣe ń mí. Nígbà tó yá, wọ́n fi bí òógùn ṣe ń rin ìka kún un. Ó tán. Ẹ ka ohun tí mo tò sílẹ̀ yẹn padà, ẹ máa rí i pé irọ́ kò sí nínú wọn.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ ṣe àyẹ̀wò lásán nílé ìwòsàn kan. Àkàbà alájà mẹ́ta ni mo gùn dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì náà sì le lójú. Ó de aṣọ rọ́bà mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wo iye tó wà níbẹ̀: 160 lórí 100. Ó wá ń wò mí bí ẹni tó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó ní kí n jókòó, kí n má sọ̀rọ̀, ó fún mi lómi mu. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì: 126 lórí 80. Apá kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni. Òótọ́ ni ẹ̀rọ yẹn sọ nígbà méjèèjì, àmọ́ kò mọ ohun tó fà á. Ó lè jẹ́ àkàbà, ó lè jẹ́ ojú nọ́ọ̀sì, ó sì lè jẹ́ àìsàn. Bí polygraph náà ṣe rí nìyẹn. Ohun tó lè sọ kò ju pé nǹkan kan ru sókè. Ẹni tó jókòó tì í ló máa sọ pé irọ́ ló ru ú.

## Kí ẹ̀rọ tó dé, kí ni wọ́n ń lò?

Ó ti pẹ́ tí ọmọ aráyé ti mọ̀ pé ara máa ń tú ohun tí ẹnu fẹ́ bò. Ní ilẹ̀ Íńdíà àti Ṣáínà láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fún afurasí ní ìrẹsì tí wọn kò sè, kó jẹ ẹ́ lẹ́nu, kó sì tu ú síta. Ẹni tí tirẹ̀ bá jáde ní gbígbẹ, òun ni wọ́n á mú, nítorí ẹ̀rù máa ń gbẹ itọ́ lẹ́nu. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ ó ń jò. Ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ bá ti kó òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ jọ rí pé "Ta ló mú ẹran nínú ìkòkò?" mọ ibi tó ti ń jò. Ọmọ tó ń kólòlò, tó ń làágùn, lè má fọwọ́ kan ẹran rárá. Ẹni tó jẹ ẹ́ gan-an ti dìde, ó ń bá ìyá wá olè kiri.

Ní ìparí ọ̀rúndún 19, Cesare Lombroso, dókítà ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Turin, fi ohun èlò ṣe ohun tí wọ́n ti ń fi ìrẹsì ṣe. (Lombroso yìí náà ló ń sọ pé èèyàn lè wo ojú àti agbárí ẹnìkan kó sì mọ̀ pé wọ́n bí ọ̀daràn mọ́ ọn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti di ìtìjú lónìí.) Ó máa ń ní kí afurasí ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò kan tí omi kún inú rẹ̀, tí wọ́n fi rọ́bà dí lẹ́nu pinpin. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń ya wọ ọwọ́ tàbí tó ń fà sẹ́yìn, omi á gòkè tàbí kó wálẹ̀, ìlà á sì máa jáde lórí bébà. Nígbà kan, wọ́n mú olè kan tí gbogbo ayé ti mọ̀ lólè, wọ́n ní ó jí 20,000 faranki lójú irin. Lombroso bi í nípa owó náà, ìlà kò mì. Ó wá dárúkọ ìwé ìrìnnà kan tí wọ́n jí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ni ìlà bá já wálẹ̀. Lombroso ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ti owó, ìwé ìrìnnà ló jí.

Ẹni tó sì ṣe ohun èlò tí orúkọ polygraph fi rọ̀ mọ́ irú ẹ̀rọ báyìí kò ronú kan irọ́ rárá. James Mackenzie ni, dókítà ọmọ Scotland. Ohun tó ń wá ni ìdí tí ọkàn àwọn aláìsàn rẹ̀ fi ń lù ségesège. Ohun èlò rẹ̀ ń fi yíǹkì fa ìlù iṣan ọrùn ọwọ́ àti ti iṣan ọrùn sórí bébà gígùn kan náà, kó lè fi wọ́n wéra. Ohun èlò ilé ìwòsàn ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

## Ta ló wá so ó pọ̀ mọ́ irọ́?

William Moulton Marston ni ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa dárúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Harvard ní 1915. Elizabeth, aya rẹ̀, ló fún un lójútùú: ó ní ó jọ pé bí inú bá bí òun tàbí tí ara òun bá gbóná sí nǹkan, ìfúnpá òun máa ń gòkè. Marston bá gbé aṣọ rọ́bà àwọn dókítà, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa sọ ìtàn, àwọn kan òótọ́, àwọn kan irọ́, ó ń wọ̀n wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó ní òun lè mọ èyí tó jẹ́ irọ́. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n ṣe é láàárín ọ̀rẹ́, kò sí ẹni tó máa ṣẹ̀wọ̀n bí wọ́n bá mú un.

Marston fẹ́ràn kí ayé máa gbọ́ orúkọ òun. Ní 1938, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọ inú ìpolówó abẹ Gillette, ó ní ẹ̀rọ ti fi hàn pé abẹ náà tu àwọn ọkùnrin lára ju àwọn mìíràn lọ. Ní 1941, ó dá Wonder Woman sílẹ̀, akọni obìnrin inú ìwé alàwòrán tó ní okùn wúrà: ẹni tí okùn náà bá ti so, òótọ́ nìkan ló lè sọ. Ohun tí aṣọ rọ́bà rẹ̀ kò rí ṣe láyé, ó fún okùn inú ìwé ṣe.

## Báwo ló ṣe dé ọwọ́ ọlọ́pàá?

Ibí yìí gan-an ni ìtàn náà ti ń dùn.

Ní Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California, ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà tó ń jẹ́ August Vollmer. Nígbà náà, bí àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu afurasí kò ṣe é fi ẹnu sọ. Wọ́n á fi rọ́bà nà án kí àpá má bàa hàn, wọn kò ní jẹ́ kó sùn, wọ́n á tan iná sí i lójú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Vollmer kórìíra ìwà yìí. Ó gbà pé ó yẹ kí ìmọ̀ lè ṣe ohun tí pàṣán ń ṣe, kó sì ṣe é dáadáa jù ú lọ. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìkà ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ yìí. Wọ́n ń sá fún ìkà ni.

Ọmọọṣẹ́ rẹ̀ kan, John Larson, ti gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ kó tó wọṣọ ọlọ́pàá. Ó ka ohun tí Marston kọ, ó sì rí i pé ó kù díẹ̀ káàtó: Marston ń wọ̀n ìfúnpá, ó ń dúró, ó tún ń wọ̀n, bẹ́ẹ̀ ohun tó fẹ́ mú lè ti kọjá láàárín ìgbà tó dúró. Ní 1921, Larson ṣe èyí tí kì í dúró. Ó de aṣọ rọ́bà mọ́ afurasí lápá, ó so ọ̀pá rọ́bà yí àyà rẹ̀ ká kó lè máa ka mímí, àwọn abẹ́rẹ́ á sì máa ha ìlà funfun sórí bébà tí wọ́n ti fi èéfín kùn dúdú.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí ó fi dán an wò kì í ṣe ti apànìyàn. Họ́sítẹ̀lì obìnrin ni, College Hall, ní yunifásítì tó wà ní Berkeley. Olè wà níbẹ̀. Owó ń sọnù, ìwé ń sọnù, òrùka olówó iyebíye kan náà sọnù, àwọn ọmọbìnrin náà sì ti ń wo ara wọn tìfuratìfura. Larson pè wọ́n wá síwájú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan náà ló bi gbogbo wọn, ohùn kan náà ló fi bi wọ́n, "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" nìkan sì ni ìdáhùn. Nígbà tó kan ọ̀kan nínú wọn, ìlà rẹ̀ ru gùdù. Inú bí ọmọbìnrin náà, ó dìde fùú lórí àga, ó fi ìbínú jáde. Wọ́n tẹ̀ lé e, wọ́n ń bi í léèrè lọ́tùn-ún lósì fún ọjọ́ mélòó kan, níkẹyìn ó jẹ́wọ́.

Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Ta ló mú un? Ìlà ni, àbí ìbéèrè tí wọ́n fi lé e kiri lẹ́yìn ìlà? Ìwé ìròyìn kò bi ìbéèrè yẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n pa àlùfáà Kátólíìkì kan, Patrick Heslin, nítòsí San Francisco, Larson sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ bá ọkùnrin tí wọ́n mú, William Hightower, nínú àtìmọ́lé. Ìwé ìròyìn gbé e jáde gàdàgbà, pẹ̀lú àwòrán ìlà, pé ẹ̀rọ ti tú àṣírí. "Lie detector" wọ ẹnu aráyé láti ìgbà náà. Larson kò fẹ́ràn orúkọ yẹn. Orúkọ tí òun fún un gùn débi pé kò sí oníròyìn tó lè rántí rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ: Larson gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin College Hall yẹn níyàwó lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n jí òrùka rẹ̀ ni.

## Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ irọ́ nínú ìlà?

Bí Larson ṣe ń ṣe é ni pé ó ń lú ìbéèrè méjì pọ̀. Ọ̀kan kò ní wàhálà nínú, irú bíi "Ṣé o fẹ́ràn ìṣirò?" Èkejì ló ní ẹjọ́ nínú: "Ṣé ìwọ lo mú òrùka?" Bí ìlà bá sùn nígbà ìṣirò, tó wá fò sókè nígbà òrùka, wọ́n á ní wọ́n ti rí i.

Ẹ̀yin náà ti rí àléébù ibẹ̀. Aláìmọwọ́mẹsẹ̀ pàápàá mọ èyí tó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n nínú ìbéèrè méjèèjì. Kí ló dé tí àyà rẹ̀ kò ní já?

Ní 1947, John Reid, lọ́yà kan ní Chicago, fi ìbéèrè kẹta kún un láti tún un ṣe. "Ǹjẹ́ o ti mú ohun tí kì í ṣe tìrẹ rí láyé rẹ?" Kò sí ẹni tí kò mú nǹkan rí, ì báà ṣe ẹran inú ìkòkò, ṣùgbọ́n níwájú ọlọ́pàá, gbogbo wa la máa ní "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ìrònú Reid ni pé ìbéèrè yìí ló máa yọ aláìlẹ́bi lẹ́nu jù, nígbà tí ti òrùka máa yọ olè lẹ́nu jù. Èwo ló fò ga ju èkejì lọ? Ibẹ̀ ni wọ́n á ti dájọ́. Ọgbọ́n àrékérekè ni, ó sì sàn ju ti Larson lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì gbára lé pé gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù bákan náà.

## Kí ni kóòtù sọ?

Kóòtù ò gba nǹkan náà wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Washington, wọ́n yìnbọn pa dókítà kan ní 1920. Wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú kan, James Frye. Ó jẹ́wọ́, ó tún ní òun kọ́, òun ò ṣe é. Marston gbé aṣọ rọ́bà rẹ̀ lọ bá a látìmọ́lé ní 1922, ó ní òótọ́ ni Frye ń sọ, kò pààyàn. Adájọ́ kò jẹ́ kí Marston wá jẹ́rìí. Wọ́n dá Frye lẹ́bi, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ní oṣù kejìlá 1923 ilé ẹjọ́ náà ní kó tó di pé kóòtù gba ìmọ̀ tuntun kan wọlé, àwọn onímọ̀ inú iṣẹ́ yẹn fúnra wọn gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i káàkiri. Ti Marston kò tíì dé ibẹ̀.

Ìpinnu yẹn kò ju ojú ìwé méjì lọ, ṣùgbọ́n òun ni àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń lò títí di 1993 láti fi mọ irú ẹ̀rí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lè wọlé. Ẹ̀rọ tí wọ́n lé síta ló kọ́ kóòtù bí wọ́n ṣe ń ṣọ́nà.

## Bí kóòtù bá ti kọ̀ ọ́, báwo ló ṣe wá gbilẹ̀?

Leonarde Keeler ni ìdáhùn. Ọ̀dọ́mọdé ni nígbà tó ń yọjú sí àgọ́ Berkeley wò bí Larson ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ràn idán pípa. Ó gba ẹ̀rọ Larson, ó sọ ọ́ di èyí tó ṣe é gbé kiri nínú àpótí, ó fi yíǹkì rọ́pò èéfín, ó gba ìwé àṣẹ onínǹkan lé e lórí ní 1931, ó sì ń tà á. Òun náà ló wá fi òógùn ìka kún ohun tí ẹ̀rọ ń kà. Nígbà tó dé Chicago, kì í ṣe ọlọ́pàá nìkan ló ń ránṣẹ́ sí i. Àwọn báńkì ń pè é láti wá yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wọn wò.

Kó tó bi èèyàn ní ìbéèrè kan, Keeler á kọ́kọ́ gbé káàdì jáde. Á ní, "Mú ọ̀kan, má fi hàn mí. Gbogbo èyí tí mo bá dárúkọ, sọ pé òun kọ́." Á wá máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á wo ìlà, á sì sọ káàdì náà gẹ́lẹ́. Ojú afurasí á ranjú. Láti ìgbà yẹn lọ, ó ti gbà pé àpótí yìí mọ inú òun. Ọ̀pọ̀ ni kì í dúró kí wọ́n parí ìbéèrè kó tó jẹ́wọ́.

Lójú tèmi, ibí ni àṣírí ẹ̀rọ náà wà. Nínú kóòtù wa nílé, ẹni tí kì í ṣe Kristẹni tàbí Mùsùlùmí lè fi irin búra. Irin kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ ohun tí Ògún lè ṣe ni ọ̀rọ̀ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Keeler rí irin tirẹ̀, ó sì so yíǹkì mọ́ ọn.

Ní 1935, ó rí ọ̀nà wọ kóòtù. Ní ìlú Portage, ní Wisconsin, lọ́yà ìhà méjèèjì gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ọkùnrin méjì wò, kí èsì rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí. Ìlà kò gbè wọ́n, wọ́n sì dá wọn lẹ́bi. Kóòtù tó pọ̀ jù kò tẹ̀ lé ọ̀nà Portage.

Ọ̀rọ̀ ọjà yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Larson. Larson fẹ́ kí àwọn dókítà dì í mú, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n máa tẹ èsì rẹ̀ jáde. Keeler fẹ́ àwọn tó ń ra ẹ̀rọ. Keeler kú ní 1949. Larson pẹ́ láyé títí di 1965, ó ti di dókítà àrùn ọpọlọ nígbà náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan tí òun bẹ̀rẹ̀ ti di abàmì ẹ̀dá tí òun ti fi ohun tó lé ní 40 ọdún bá jà.

## Ṣé wọ́n ṣì ń lò ó?

Wọ́n ń lò ó. Ní 1988, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni kò gbọdọ̀ fi yẹ òṣìṣẹ́ wọn wò. Òfin náà yọ ìjọba fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2003, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àgbà orílẹ̀-èdè náà tẹ ìwádìí wọn jáde: ẹ̀rọ náà lè sàn ju àbá lásán lọ lórí ọ̀rọ̀ kan pàtó, àmọ́ kò ṣe é gbára lé láti fi ṣa amí jáde láàárín òṣìṣẹ́.

Wọ́n ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀ kí ìwé yẹn tó jáde. Aldrich Ames, òṣìṣẹ́ CIA, ìyẹn ilé iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta àṣírí fún Sófíẹ́ẹ̀tì ní 1985. Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ ní 1986, ó yege. Wọ́n tún gbé e sórí rẹ̀ ní 1991, ó tún yege. Ìmọ̀ràn tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Moscow fún un kò ju pé kó sùn dáadáa, kó fara balẹ̀, kó sì máa bá ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣe pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ọdún 1994 ni wọ́n tó mú un. Ó ti ra ilé 540,000 dọ́là lówó lọ́wọ́, ó ń wa Jaguar, bẹ́ẹ̀ owó oṣù rẹ̀ kò lè gbé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn tó tú u fó gbé ìwé báńkì rẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n gbé àkọsílẹ̀ ìgbà tó lọ bá aṣojú Sófíẹ́ẹ̀tì kan jẹun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n wá ń ka déètì: lónìí ó bá a jẹun, lọ́la owó wọ báńkì.

Mo sọ èyí fún àbúrò mi. Ó ní, "Iná pupa yẹn ì bá rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ."